Bíréèkì Ọkọ̀ Tíṣà

Ọdún mẹ́tàlélógún ni obìnrin kan ti fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Àwọn tó kọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyá Bíréèkì, torí pé kí wọ́n tó rí ohun tó wà níwájú ni á ti máa wí pé, "Bíréèkì, ọmọ mi, bíréèkì." Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Ọkọ rẹ̀, Tíṣà, fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò kíkọ́. Kò pé oṣù méjì tó fi ra ọkọ̀ asáré pupa kan, àlòkù, ìjókòó méjì péré, tó sùn mọ́lẹ̀ bí aláǹgbá tó ń yá oòrùn. Ọkùnrin tí ìgbín fẹ́rẹ̀ẹ́ yá jù ú lọ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń fi Sátidé sáré kiri. Bí ọkọ̀ náà bá ti jáde, ọkàn ìyàwó rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Á máa nu tábìlì tó ti mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti ilé ẹ̀gbọ́n Tíṣà lórí òkè. Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀, ó sì lọ́ bí ìfun. Ní kọ́nà kẹta, òórùn irin gbígbóná wọ inú ọkọ̀. Ní ìkarùn-ún, ẹsẹ̀ Tíṣà rì lórí bíréèkì bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ọkọ̀ kò dúró.

"Ẹ já jíà sí ìkejì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó bá wà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ má wò mí, ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ wò."

Orí koríko ìsàlẹ̀ òkè ni ọkọ̀ ti dúró, ìṣísẹ̀ méjì péré sí ògiri ilé onílé. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì, obìnrin kan tó jẹ́ pé Ìyá Bíréèkì fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀. Ó yọ táyà, ó fi páàdì tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú hàn wọ́n. Ó ti ń dán bíi dígí, kò lè dì í mú mọ́.

"Ọ̀nà méjì ló wà," ó ní. "Mo lè pààrọ̀ páàdì àti ọ́ìlì bíréèkì, kó padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Tàbí kí n yọ gbogbo ẹ̀ dànù, kí n fi bíréèkì ńláńlá tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ń lò sí i. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kó tó dọ̀sán, torí ẹni tó ń tà á máa ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù."

"Ńlá ni ká fi sí i," ni Tíṣà wí kíá. "Ìyàwó mi náà ò ní kọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ràn bíréèkì jù ú lọ?"

"Mi ò fẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn. Ó lọ jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ àtijọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ti rí i títí: ẹni tó bá ti gbọ́kàn lé bíréèkì, ẹ̀yìn tírélà gan-an ni yóò máa lẹ̀ mọ́. Bí Tíṣà bá gba ńlá, eré rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní kó má ṣe é ńkọ́, tó wá dọjọ́ kan tó tẹ̀ ẹ́ tí kò dúró? Ta ni yóò gba òun lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí òun sọ? Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Ó pe mẹkáníìkì.

"Ọmọ mi, ká ní bàbá tìẹ ni ńkọ́?"

Mẹkáníìkì nu ọwọ́ rẹ̀. Ó yí táyà tó yọ náà sí i. "Màmá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni bíréèkì ń dì mú. Táyà ló ń di ilẹ̀ mú. Ẹ wo eléyìí, ó ti pá bí orí arúgbó. Bí mo bá fi bíréèkì tó tó òṣùpá sí i, yíyọ̀ ló máa yọ̀ lọ. Ọ́ìlì bíréèkì náà ti gbó. Ẹ jẹ́ ká tún ìyẹn ṣe ná, ká ra táyà. Bó bá tún rọ̀ lórí òkè yẹn, ìgbà yẹn la máa sọ̀rọ̀ bíréèkì ńlá."

Tíṣà ti rìn dé ẹ̀yìn wọn. "Ẹ ti dìtẹ̀ mọ́ mi."

"Bíréèkì ńlá tí mo fẹ́ fún yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ni kẹ́ ẹ kó ara yín níjàánu. Wọn kì í sì í tà á."

Mẹkáníìkì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Tíṣà họrí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀rù bà mí lánàá. Mo rẹ́rìn-ín kó o má baà mọ̀ ni."

Obìnrin náà kò mọ̀ lóòótọ́. Ó ti rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù bà. Ó di apá aṣọ ọkọ rẹ̀ mú.

Táyà mẹ́rin, páàdì àti ọ́ìlì ni wọ́n pààrọ̀. Lọ́jọ́rú, Ìyá Bíréèkì ní òun ni òun máa kọ́kọ́ wà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè náà. Ó ń tẹ bíréèkì ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe dúró ní àkọ́kọ́ náà ló dúró ní ìkarùn-ún.

"Ó ṣe rí?" ni Tíṣà bi í.

"Ó dúró."

Nígbà tó di Sátidé, Tíṣà dá gbé e jáde, ó ní òun kò ní ju wákàtí kan lọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wákàtí náà pé, ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu géètì. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ kó tó yọ ní kọ́nà. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ jẹ́ẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan tó gun kẹ̀kẹ́ fi kọjá lára rẹ̀. Obìnrin náà yára wọlé kí ọkọ rẹ̀ má baà mọ̀ pé ó ti ń ṣọ́nà dè é.