Erékùṣù Tí Àgbà Jókòó Lé

Wọ́n lé bàbá Àsmá'ù kúrò ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Accra, lọ́dún tí ìjọba ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni òun nígbà náà. Ó ru ẹrù tirẹ̀, kò sì sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó pé ogún ọdún, ó padà sí Nima, àdúgbò wọn ní Accra, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní ọ́fíìsì tó ti rí iṣẹ́ máàpù yíyà, àwọn ọkùnrin ní obìnrin kò lè gbé irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀ gun òkè. Ó gbé e, ó sì ń dúró dè wọ́n lókè. Wọ́n pè é ní Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń pẹ̀gàn ará Nàìjíríà níbẹ̀. Ó fi èdè Gá tó dán ju tiwọn lọ dá wọn lóhùn. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí ọkọ ní kó yan ọ̀kan nínú àwọn àbúrò olóògbé, ó ní òun ti yan ọkọ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ṣú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fọ́. Ojú òsì ló fi ya gbogbo máàpù tó yà lẹ́yìn ìyẹn, kó tó fẹ̀yìn tì.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì nígbà tí Yusif wá a wá sílé. Ọmọ oníṣòwò kan ní Nima ni Yusif, Àsmá'ù ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń di pẹ́ńsù mú ya máàpù. Ó ti di ọ̀gá báyìí ní ọ́fíìsì kan tó ń rí sí igbó tó wà lórí àwọn erékùṣù inú adágún ńlá, ní àríwá Accra. Àwọn erékùṣù náà kéré. Òmíràn wà tí ènìyàn lè dúró ní etí kan rẹ̀ kó pe ẹni tó wà ní etí kejì. Ìjọba kò lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbìmọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, nítorí náà wọ́n fẹ́ kó wọn jọ ní mẹ́rin mẹ́rin, ní márùn-ún márùn-ún, kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní òfin igbó kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ni yóò kọ́kọ́ fi ilẹ̀ wọn han ẹni tó fẹ́ ya á.

"Màmá, àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi mọ kọ̀ǹpútà," ni Yusif wí. "Wọn ò mọ ènìyàn."

Inú Àsmá'ù dùn sí i ju bó ti jẹ́ kó hàn lọ. Ó lọ sí adágún náà. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n pàdé, àwọn ará ibẹ̀ sì ya adágún wọn sórí iyanrìn: òkúta ni erékùṣù, èédú ni oko, ewé ni igbó, ìkarahun ni èbúté. Abena, obìnrin kan tó ń yan ẹja, ló ṣáájú àwọn obìnrin. Bàbá rẹ̀, tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn, gbé àpótí rẹ̀ wọ àárín iyanrìn, ó jókòó síbẹ̀, kò sì dìde títí wọ́n fi parí. Gbogbo ènìyàn ń to òkúta yí i ká.

Àsmá'ù rí i. Ó rò pé àárẹ̀ ọjọ́ orí ni, tàbí pé òjìji ibẹ̀ ló tù ú lára. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kì í ní kí àgbà dìde kí òun wo ibi tó jókòó lé. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó yí i ká, ó ya ìyókù.

Nígbà tó dé Accra, àwòrán tí wọ́n yà láti òfurufú ló fi dí àlàfo ibi tí bàbá náà jókòó lé. Erékùṣù kan ló rí níbẹ̀: igbó dídí, kò sí òrùlé, kò sí oko. Ó wọn ọ̀nà rẹ̀. Erékùṣù náà fi díẹ̀ sún mọ́ àwọn erékùṣù àríwá ju ti Abena lọ. Ó kó o mọ́ ti àríwá, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ewé dúdú, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Yusif ní òun kò rí máàpù tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní oṣù keje lẹ́yìn tí òfin náà jáde, Abena wọ trotro, ọkọ̀ èrò ibẹ̀, wá sí Nima. Kò mú ẹja kankan lọ́wọ́. Ó jókòó, ó sì fi èdè Twi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Erékùṣù onígbó yẹn ni àwọn ará erékùṣù márùn-ún ń sin òkú wọn sí. Èèwọ̀ ni láti dárúkọ rẹ̀ tàbí láti fi han àlejò. Ìdí nìyẹn tí bàbá òun fi jókòó lé e. Bàbá náà ti kú báyìí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dá ọkọ̀ tó gbé òkú rẹ̀ padà lórí omi. Wọ́n tẹ́ ẹ sílé fún ọjọ́ méjì, wọ́n sì sin ín sí etí omi, níbi tí ilẹ̀ kò ti jìn. Òjò dé, adágún kún, omi gbé e lọ.

"A rò pé ẹ rí i, Màmá," ni Abena wí. "Gbogbo wa rò pé ẹ máa mọ̀ pé àgbà kì í jókòó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lásán."



Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ sí ọ́fíìsì Yusif. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ó ya máàpù tuntun, ó dá erékùṣù náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Yusif ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń fún un ní omi tútù, ohun kan náà ló sì ń sọ: àwọn ọ̀gá àgbà ti bu ọwọ́ lu ìwé; bí wọ́n bá yọ erékùṣù yẹn, igbó ìsọ̀rí àríwá kò ní tó ìwọ̀n tí òfin béèrè, gbogbo ètò náà yóò sì tú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni wọ́n yóò tún un wò. Àsmá'ù bi í léèrè pé ènìyàn mélòó ni yóò kú láàárín ọdún mẹ́wàá. Yusif tún bu omi tútù fún un.

Abena pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ìyàwó apẹja kan kú, ẹ̀yìn ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní àwọn kan ti ń kó ẹrù wọn kúrò ní erékùṣù nítorí wọn kò fẹ́ kú síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pè mọ́, bí Àsmá'ù bá sì pè é, kì í gbé e.

Gbogbo ayé rẹ̀ ni Àsmá'ù fi bá ènìyàn jà, ó sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí ẹni tí yóò bá jà níhìn-ín. Ìlà kan ni, ó tẹ́jú, ó mọ́, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ń jókòó ní àgbàlá, àwọn ayálégbé ń kí i, kì í gbọ́.

Nígbà tó lọ kẹ́yìn, Yusif mú un jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní máàpù náà yóò jáde láti ilé ìtẹ̀wé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo èbúté adágún. Inú àwọn ará erékùṣù kò dùn, àwọn oníròyìn rédíò sì ti ń béèrè ẹni tó yà á. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Màmá. Mo lè yọ ọ́ kó tó di ọ̀la. Ti ọ́fíìsì nìkan ló máa kù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí fún yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́."

Àsmá'ù gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Èmi ni mo yà á," ni ó wí. "Má yọ ọ́."