Mítà Bàbá Wọ́ọ̀ṣì

Ọkọ mi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Wọ́ọ̀ṣì. Alágbàfọ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sẹ́yìn pátápátá nínú pílásà kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Òun ló ń fọ̀, èmi ni mò ń lọ̀. Aṣọ funfun gan-an niṣẹ́ rẹ̀: agbádá táwọn èèyàn fẹ́ wọ̀ lọ kí Jímọ̀, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn lọ́yà. Tó bá fọ ọ̀kan tó mọ́ dáadáa, á sá a sórí okùn, á dúró tì í, á máa wò ó bí ẹni pé ọmọ tuntun ni wọ́n gbé fún un. Màá ní, "Bàbá, ẹ tètè sọ ọ́ lórúkọ, ká lè lọ sílé." Á rẹ́rìn-ín, kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Mítà omi kan ṣoṣo ni gbogbo pílásà jọ ń lò nígbà yẹn. Bí bíìlì bá ti dé báyìí, tí alámòójútó ilé pín in fún wa, ìjà dé nìyẹn. Télọ̀ tó wà lókè á ní òun ò lo omi ju èyí tóun fi ń fọwọ́. Oníkẹ́míìsì á ní ṣé oògùn inú páálí ló ń mumi ni. Wọ́n á wá para pọ̀ kọjú sẹ́yìn: Bàbá Wọ́ọ̀ṣì ló ń gbé gbogbo omi mì. Iye tí wọ́n bá ní kó san lọkọ mi máa ń san. Èmi lẹnu mi kì í gbélẹ̀. Mo bi télọ̀ lójú gbogbo èèyàn pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń dami sí láàárọ̀ lálẹ́ yẹn, ṣé itọ́ ló fi ń ṣàn án?

Àwọn gende kan tún wà tó ń fọ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ọ̀gá wọn ní omi tánkà làwọn ń rà, a sì máa ń rí tánkà lóòótọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀dọ̀ mọ́tò" la máa ń pe ibẹ̀. Nínú pílásà wa, téèyàn bá ti ní "wọ́ọ̀ṣì", ọkọ mi ló ń sọ, kò sẹ́lòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló dìde nípàdé àwọn ayálégbé, tó ní kí kálukú ní mítà tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ káyé rí ohun tí mò ń lò." Inú gbogbo wọn dùn. Onílé gbà, ilé iṣẹ́ omi náà gbà. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá tí kò mọ ẹnì kankan nínú wa. Ó to àwọn mítà náà sínú kòtò kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ lẹ́bàá ògiri, ó fi ọ̀dà funfun kọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe sókè mítà rẹ̀, wọ́n wá fi irin bò ó, wọ́n tì í ní àgádágodo. Ọwọ́ alámòójútó ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọkọ mi ti lọ wò ó kí wọ́n tó bò ó. Ẹ̀rín ló ń rín bọ̀. Ó ní, "Wọ́n ti kọ wọ́ọ̀ṣì sí tiwa." Ó ra mínírà tútù fún ọkùnrin náà.

Nígbà tí bíìlì àkọ́kọ́ dé, tiwa nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gbogbo pílásà lápapọ̀. Àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni alámòójútó dúró sí tó ń kà á sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Màmá, mítà kì í parọ́. Bàbá náà ló ní ká fi í síbẹ̀." Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ọkọ mi ní bóyá páìpù ló ń jò, ló bá gbé ọkọ́, ó tú ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wò. Gbígbẹ táútáú ló bá a.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi lò. Aṣọ tó máa ń ṣan títí omi á fi mọ́ lóló, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣan án mọ́. Oníbàárà kan gbé agbádá rẹ̀ padà, ó ní ọṣẹ ń rùn lára rẹ̀, ara ń yún òun ní mọ́ṣáláṣí. Ìyẹn dun ọkọ mi ju bíìlì lọ. Ó bá ti ẹ̀rọ omi pa pátápátá, ó lọ bá mẹ́ruwà, kó máa fi ọmọlanke gbé omi kànga wá fún wa. Kẹ́ẹ̀gì omi á máa wọlé lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kẹ́ẹ̀gì òfìfo á máa jáde. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Bíìlì kejì dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Háà! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní àwọn ń rí mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n ní omi pílásà ni Bàbá ń tà fún un. Omi tá a fowó wa rà wọlé lójú wọn ni wọ́n sọ pé a jí gbé jáde! Onílé wá fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí ọkọ mi lè bí lọ́mọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ kí wa. Ó ní, "Bàbá, olè ni ẹ̀ ń jà." Ọkọ mi ní, "Wàláhì, n ò ta omi. Ẹ jẹ́ n fojú ara mi wo mítà yẹn." Alámòójútó ní kò ṣeé ṣe, pé Bàbá fẹ́ lọ yí i padà ni. Onílé ní ká kó jáde kóṣù tó parí.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi ò fi omi pílásà ṣe àlùwàlá mọ́. Ilé wa ní Mọléte ló ti ń gbé omi wá sínú ike. Ìta gbangba ló sì máa ń dúró sí ṣe é, kí wọ́n lè rí i pé òun ló gbé e wá. Mo ní ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ṣé ṣọ́ọ̀bù tán n'Ìbàdàn ni? Ó ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé n kì í ṣe olè. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Kóṣù náà tó parí, ìdí àgbá tó fi ń rẹ aṣọ ni ọkọ mi ṣubú sí. Apá kan ara rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. A gbé e dé ọsibítù, kò bá wa padà wálé láàyè. Ẹ̀rọ ilé wa ò yọ omi lọ́jọ́ náà. Omi mẹ́ruwà la fi wẹ ẹni tí wọ́n ní ó ń ta omi.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo lọ kó ẹrù wa. Láti ìgbà tó ti ṣubú, kò sẹ́ni tó tún ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń ka mítà. Alámòójútó ti ṣí irin sókè, òun àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo yọjú wo inú kòtò náà. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ wọ́ọ̀ṣì sí, abẹ́rẹ́ pupa kékeré inú mítà ń yí, ó ń sáré.

Mo ní, "Ta ló ń fọṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Alámòójútó ní, "Màmá, ẹ rọra." Mi ò rọra o. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dì í mú níbi tí wọ́n ti ń ti omi, mo yí i pa. Abẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú àwọn gende fi pariwo lọ́dọ̀ mọ́tò pé, "Ta ló ti omi pa o? Ọṣẹ ṣì wà lára jíìpù yìí o!"

Mo ṣí i, rọ́bà omi tó wà lọ́wọ́ gende náà tú omi jáde. Mo tì í pa, ó dá. Mo ń ṣí i, mò ń tì í títí gbogbo wọn fi jáde láti ṣọ́ọ̀bù wọn, tí wọ́n dúró tí wọ́n ń wò mí.

Wọ́n pe ọkùnrin tó wá fi mítà síbẹ̀ lórí fóònù. Ó ní páìpù méjì ló kù fóun lọ́jọ́ náà, alámòójútó ní ọ̀kan ti wọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ti mọ́tò. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lòun mọ̀ sí wọ́ọ̀ṣì, òun bá kọ ọ́ síbẹ̀, òun sì kọ mọ́tò sí èyí tó ṣẹ́kù. N'Ìbàdàn níbi, ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá àwọn tó ń fọ mọ́tò, tí bíìlì rẹ̀ kéré látọjọ́ yìí, ní òun rò pé àánú Ọlọ́run ni. Àánú Ọlọ́run! Ojú mi ló wò tó fi sọ ọ́.

Télọ̀ ń sunkún. Alámòójútó ti lọ gbé àkísà àti kẹrosíìnì tó fẹ́ fi nu ọ̀dà náà. Onílé tí wọ́n ránṣẹ́ pè dé, ó wọ inú omi ọṣẹ ilẹ̀ níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, aṣọ léèsì lọ́rùn. Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì wá, àṣìṣe ni. Bàbá ò jalè. Ṣọ́ọ̀bù yín ṣì ni."

Mo ní, "Ẹ dìde. Ẹ lọ sọ fún un."

Ó gbójú sókè, omi ọṣẹ ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Màmá, Bàbá ti kú."

Mo ní, "Ẹ ṣé. Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni."

Mo wọlé lọ kó áyọ́ọ̀nù mi, mo ti ìlẹ̀kùn, mo sì bá ẹnu géètì jáde.