Kànga Fájọbí

Ní abúlé kan lẹ́yìn Datcha, bí nǹkan bá dúró lágbedeméjì, orúkọ kan ni wọ́n máa ń pè é. Ilé tí kò ní òrùlé, ìgbéyàwó tí ìdílé méjì sọ títí tí kò dé ibì kan, wọ́n á ní: "Ó ti di kànga Fájọbí." Ẹni tó ni orúkọ náà gbọ́ ọ lọ́jà Anié níbi tó ti ń ra iṣu, lẹ́nu obìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n. Ó gba iṣu rẹ̀, ó lọ sílé. Nígbà tó sè é, kò dùn lẹ́nu rẹ̀.

Agbẹ́kànga ni Fájọbí. Ọkùnrin kúkúrú ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ewú ti gba orí rẹ̀. Ọ̀gá kan ní Notsé ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá náà sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹnu kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ lórí kànga. Òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá wà nísàlẹ̀, tí garawa òkúta wà lókè orí rẹ̀, tí ẹni méjì sì ń pàṣẹ, òkú ni wọn yóò fà jáde.

Àṣìṣe Fájọbí ni pé ó gbé òfin náà kúrò lórí kànga, ó gbé e lọ síbi gbogbo. Bí àwọn ọmọkùnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, Elvis àti Roméo, bá jókòó ti oúnjẹ, òun ni yóò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu òkèlè. Elvis ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó hu irùngbọ̀n. Ó dàgbà, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó mọ ilẹ̀ bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni Fájọbí ṣì ń bá a sọ: "Fà. Dúró. Pa ẹnu ẹ dé."

Ní abúlé tí mo wí yìí, wọ́n gbẹ́ yangí kọjá, wọ́n kan àpáta. Elvis ní ó ti là ní ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Fájọbí bi í léèrè ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Elvis gbé òòlù sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀, ó gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò kan tó ń kọjá, Roméo gun òmíràn tẹ̀lé e. Wọ́n rí iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Atakpamé. Ẹnì kan kò lè wà nísàlẹ̀ kànga kó tún wà lókè. Fájọbí fi igi bo ojú ihò náà, ó lọ sílé. Bí orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn iṣu Anié, ó padà lọ bá baálẹ̀ abúlé náà. Ó ní òun yóò parí kànga òun kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀.

"Àwọn ọkùnrin wà lóko òwú," ni baálẹ̀ wí. "Ta ni yóò fa okùn?"

Obìnrin kan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Philippe ni, opó gíga kan tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin Kátólíìkì ibẹ̀. "Àwa là ń rìn lọ sódò. Àwa la máa fà á."

"Bí òjò bá rọ̀ kí n tó kan omi," ni Fájọbí wí, "ẹ má pè mí mọ́."

"A ò ní pè yín mọ́, Bàbá Sabine," ni obìnrin náà fèsì. Sabine ni orúkọ àkọ́bí Fájọbí.

Iyẹ̀pẹ̀ ti ya sínú ihò náà. Fájọbí sọ̀ kalẹ̀ láti kó o, àwọn obìnrin sì di okùn mú lókè. Òfin kan wà tí àwọn agbẹ́kànga ibẹ̀ kì í rú: ẹnì kan lókè gbọ́dọ̀ máa pe orúkọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí onítọ̀hún máa jẹ́ ẹ. Bí kò bá jẹ́ mọ́, kí wọ́n tètè fà á jáde. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ kankan la máa ń fi sídìí ìpè.

Kò pẹ́ tí garawa fi gbá ara ògiri, tí erùpẹ̀ dà sórí Fájọbí. Ó béèrè ẹni tó ń fà á. Rosine ni, ìyàwó tuntun kan. Fájọbí gbójú sókè.

"Ọkọ ẹ ò mọ ọjà rà."

Elvis ti gbọ́ èyí tó burú jùyẹn lọ, ẹ̀rín ló máa ń rín. Àwọn tòkè kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fà," ni Fájọbí wí. Okùn kò mira. "Mo ní ẹ fà."

Ó wòkè, ó rí ojú ọ̀run róbótó, kò rí orí kankan. Ó wá gbọ́ wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Èyí ló dẹ́rù bà á.

"Ẹ̀yin lókè yẹn."

"Orúkọ wa kọ́ nìyẹn," ni ẹnì kan dáhùn.

Ó nu òógùn ojú. Ooru mú nínú ihò náà. "Ìyá Philippe."

"À ń gbọ́ yín, Bàbá Sabine."

"Kí lẹ ń ṣe?"

"À ń sinmi. Wọ́n ní àwọn ọkọ wa ò mọ ọjà rà. Ọjà tí ò dáa, kíá ló máa ń rẹ̀ ẹ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fà mí jáde."

"Ṣé àṣẹ ni àbí ẹ̀bẹ̀?"

Láti ìgbà tó ti ń gbẹ́ kànga, kò sí ẹni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó rò ó. "Ẹ̀bẹ̀ ni."

"Rosine lẹ bú."

"Rosine, mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká bó èyí tó wà nílẹ̀ tán," ni Rosine wí. Wọ́n bó o tán lóòótọ́ kí wọ́n tó fà á.

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń nu iyẹ̀pẹ̀ ojú. Ìyá Philippe bu omi fún un. Omi odò ni, ó pọ́n.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ ká máa fa garawa tí kò fi ní gbá ògiri?"

Ìgbà yẹn ni Fájọbí rí i pé òun kò tíì fi nǹkan kan hàn wọ́n. Elvis ti mọ iṣẹ́ kó tó gbọ́ àṣẹ. Àwọn wọ̀nyí, àṣẹ nìkan ni wọ́n gbọ́. Ó dìde, ó fi bí wọ́n ṣe ń dúró hàn wọ́n, ó fi bí ọwọ́ ṣe ń gba okùn lọ́wọ́ ọwọ́ hàn wọ́n. Nígbà tó ṣe tán, Rosine bi í pé kí ló dé tí wọn kò gbé okùn lé èjìká, kí wọ́n máa rìn lọ sídìí máńgòrò, kí igi ìdábùú orí kànga máa yí. Fájọbí fẹ́ sọ pé ta ló bi í léèrè. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀. Garawa jáde láì fara kan ibì kan.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di oníwà tútù ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, garawa òkúta ń lọ sókè, ó rí òkúta kan tó fẹ́ yọ̀ dànù. Ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, bí kò bá ni yín lára..." Òkúta náà kò dúró gbọ́ ìyókù. Èjìká ọ̀tún ló ti bà á.

Wọ́n fà á jáde. Inú bí Ìyá Philippe gan-an.

"Òkúta wà lókè orí yín, ẹ ń kí wa?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa bẹ̀."

"Bí gbogbo wa bá jókòó sílẹ̀, ẹ bẹ̀ wá. Bí nǹkan bá wà lókè orí yín, ẹ kígbe. Ẹ ṣáà yọ ọkọ ẹni kúrò nínú ọ̀rọ̀."

Iyẹ̀pẹ̀ ti tán nísàlẹ̀, àpáta ló kù, èjìká Fájọbí kò sì lè gbé òòlù mọ́. Lápá òkè Atakpamé, ìkùukùu ti ń kóra jọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó mọ ohun tó kù láti ṣe. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Elvis jókòó sínú eruku, funfun bí ẹni tó wẹ̀ nínú ìyẹ̀fun.

"Ọ̀gá," ni Elvis wí. Kò dìde.

"Ibi tó là yẹn, ṣé o ṣì rántí?"

"Ìlà oòrùn."

"Ìlà oòrùn ni. Ó yẹ kí n gbọ́ tìẹ. Èjìká mi ti lọ. Wá bá mi fọ́ ọ."

Elvis yí òòlù ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ta ni yóò máa pàṣẹ?"

"Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀."

"Kí wá ni iṣẹ́ tiyín?"

"Èmi ni n óò máa pe orúkọ ẹ."

Elvis wò ó bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

Fájọbí jókòó sẹ́nu kànga, ó bọ́ bàtà, ó ń pè. "Elvis." "Mo wà." "Elvis." "Mo wà." Fájọbí rí i pé Elvis gbé irin síbi tí òun fúnra òun kò ní gbé e sí. Ó ki pákò sẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ kíkankíkan.

"Bàbá Sabine," ni Ìyá Philippe wí, okùn wà léjìká rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu yín."

"Pákò ni."

"Pákò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n rìn lọ sídìí máńgòrò, garawa jáde. Elvis ní "Ẹ dúró," wọ́n dúró. Ó ní "Ó yá," wọ́n fà. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, ìkùukùu ń súnmọ́ tòsí, òórùn òjò ti wà nínú afẹ́fẹ́.

"Elvis," ni Fájọbí pè ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Kò dáhùn. Fájọbí di okùn mú.

"Elvis."

"Ẹsẹ̀ mi ti tutù," ni ohùn náà wí láti ìsàlẹ̀.

Garawa àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ ni. Wọ́n dà á síta. Nígbà tó di ọ̀sán, èyí tó jáde dà bí ẹ̀kọ mímu, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn lè rí ìsàlẹ̀ igbá nínú rẹ̀. Rosine ló kọ́kọ́ mu. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹnu kànga náà, àwọn ọkùnrin sì ti oko òwú sáré wálé wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde kì í tètè padà sílé. Ní Anié, wọ́n ṣì ń pe ohun tí kò parí ní kànga Fájọbí. Ní abúlé yẹn, bí Ìyá Philippe bá sọ ọ́, garawa ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ló ń lọ pọn.