Kànga Ìyá Mi Nínú Máàpù

Iṣẹ́ bàbá mi ní rélùwéè Kano ni kó máa ya àwòrán ilẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń dá àwọn ọmọdé dùbúlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Sabon Gari. Bàbá mi ní òun máa ya gbogbo kànga àti ṣáláńgá wa sínú máàpù kan, kí a lè mọ èyí tó yẹ ká dí.

Èmi ni mo ń bá a di ìdí téèpù tó fi ń wọn ilẹ̀ mú. Èmi náà ni ògbufọ̀, torí Hausa bàbá mi, áà, ẹ̀rín ni! A wọ ojúlé dé ojúlé. Ilé tí ọmọ bá ti ń ṣàìsàn, a fi bírò pupa sàmì sí i nínú máàpù.

Nígbà tí a parí, gbogbo pupa yẹn kóra jọ yí ilé wa ká.

Kànga ẹ̀yìnkùlé wa, tí ìyá mi fi èrè aṣọ tó ń tà gbẹ́, ló wà láàárín wọn. Kò sí omi tó dùn tó o. Òun ni ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa ń gbàdúrà sí, tí àwọn ìyá sì ń bù lọ fún ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ó mà ṣe o, àìsàn la fi ń wo àìsàn!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi wọn ilẹ̀ láti ṣáláńgá wa dé ìdí kànga náà, wọ́n ṣáà súnmọ́ra jù.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rò pé ó máa gùn sí i ni?"

Ó jágbe mọ́ mi. Ó ká máàpù náà, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá mi rí i níbi tó ti ń gbálẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ọ̀nà àdúgbò rẹ̀. Ó gbé ìka lé àárín pupa náà.

"Ilé wa nìyí, àbí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú rẹ ni n ò lè wò," ni bàbá mi wí. Mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìyá mi tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, ìyá mi dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti sùtánà rẹ̀. "Omi mi ló ń ṣe àwọn ọmọ yín. Ẹ má pọn ún mọ́. Ẹ foríjì mí." Ó kúnlẹ̀. Ojú tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá tó ń bu omi wa lọ yẹn náà ni, wọ́n ru omi ẹ̀rọ láti Railway Quarters.

"Ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o. Ibo ni ká dà á sí?"

Ìyá mi fi ìborùn bojú. Èmi ni mo ṣí ìkòkò fún wọn.