Rédíò Tí Kò Bàjẹ́

Ìgbà kejì tí mo pààrọ̀ sípíkà rédíò kan náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe ní Okumagba Layout, mo mọ bí sípíkà tuntun ṣe ń dún. Èyí ń dún bí ẹni pé ó wà lábẹ́ omi. Mo yí i sókè dé òpin. Mama Ejiro, aládùúgbò mi, yọjú lójú fèrèsé.

"Oga Rafiu, na only you get ear for this street?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún tú rédíò náà.

Imú mi ti dí láti oṣù kan. Láràárọ̀ ni mò ń yọ èépá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Èéfín ilé tí wọ́n ń sun nínú ìjà tó ń lọ ní ìlú wa ni mo dá lẹ́bi. Nítorí ìjà náà, mo ti kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí Ọ̀yọ́. Tí mi ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi lórí fóònù, àwa méjèèjì a ní netiwọ́ọ̀kì ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìbọn dún nítòsí. Àdúgbò ti sá wọlé, èmi ṣì jókòó síta tí mò ń lẹ wáyà. Mama Ejiro ló fà mí wọlé.

"You no hear?"

Mi ò gbọ́.

Oògùn apakòkòrò tí mo kọ́kọ́ lò kò ran àìsàn náà. Dókítà etí kan ní Benin gé ẹran bíńtín nínú imú mi, ó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Nígbà tí mo padà lọ gba èsì, gbogbo èèyàn ló ní ẹni tó bá a wá. Àpò mi ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà ní láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé kí n lè kà á: àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mi, tó yẹ kó máa lé àrùn, ti dojú ìjà kọ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn iṣan náà wú, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá dé imú àti etí mi. Bí a bá fi falẹ̀, yóò dé kíndìnrín. Mo béèrè bóyá etí mi á là. Ó kọ ọ́ pé òun kò lè ṣèlérí.

Oògùn tó ń mú ìwú lọlẹ̀ sọ ojú mi di bọ́ọ̀lù, ó lé oorun lọ. Láràárọ̀ ni mò ń fi ọ̀dà funfun sàmì sí ara rédíò, níbi tí mo yí ohùn rẹ̀ dé kí n tó gbọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àmì náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ tí etí rẹ dí, tí imú rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí oògùn kò ran àìsàn náà, sọ pé kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ wò nítorí kíndìnrín.

Etí ọ̀tún là. Ti òsì kò ju ìdajì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo pa rédíò, mo gbọ́ omi tó ń kán sínú korobá, mo gbọ́ èémí mi tó ń gba imú wọlé. Mo dúpẹ́ fún ara yìí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́ tó. Mo pe Ọ̀yọ́.

"Bàbá Súlíà," ni ìyàwó mi wí, "netiwọ́ọ̀kì yín mà ti dáa."

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ etí mi fún un.