Òórùn Tí Mo Gbọ́ Tí N Ò Sọ

Níbi ìṣebúrẹ́dì kan ní Ìbà ni mo ti ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní òórùn ibẹ̀ dùn, àmọ́ èmi mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó dùn àti èyí tó fẹ́ẹ́ korò, tó máa ń jáde kí búrẹ́dì tó jó. Imú mi kì í tàsé ẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ààrò ni kì í gbọ́ ọ, torí eruku ìyẹ̀fun ti ba imú tiwọn jẹ́.

Àbúrò ọkọ mi ni wọ́n. Mo jù wọ́n lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wà nílé kí n tó wọlé, ọkọ mi làwọn náà. N ò gbọdọ̀ dárúkọ wọn, Akọ̀wé ni mò ń pè wọ́n. Ìyàwó wo ló máa pàṣẹ fún ọkọ lójú àwọn òṣìṣẹ́? Bí òórùn yẹn bá ti dé, màá gbójú sókè, màá tún gbé e sílẹ̀. Búrẹ́dì á jó.

Ọ̀gá wa obìnrin fẹ́ lé Akọ̀wé lọ. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó pe olùkọ́ yunifásítì kan wá kó wá wo ìdí tí búrẹ́dì fi ń jó. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni olùkọ́ náà fi jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń wò wá, ó ń kọ̀wé. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì wọ ọ́fíìsì lọ sọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀bá fèrèsé ibẹ̀ ni mo ti ń fọ agolo búrẹ́dì. Mo gbọ́ tí ọ̀gá ní kí Akọ̀wé máa lọ sílé, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ wa tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé àwa náà ò lè jókòó gbọ́ ọ ni?”

Ọ̀gá fajú ro, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní kí gbogbo wa wọlé. Ó ka ohun tó kọ sétí wa. Ó ní ìyá tó ń di búrẹ́dì máa ń gbójú sókè nígbàkígbà tí búrẹ́dì bá fẹ́ jó, kò sì jẹ́ sọ nǹkan kan.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Akọ̀wé ló fọhùn.

“Ìyàwó, o ń gbọ́ òórùn, o sì ń wò mí níran?”

“Ọkọ mi, ṣé kí n wá máa pàṣẹ fún yín ni?”

“Tí wọ́n bá wá lé mi ńkọ́, ṣé ìwọ lo máa bọ́ mi?”

Ẹ̀rín sọ, ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìkíni la fi yanjú ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè ní kí ìyàwó má kí ọkọ. Bí mo bá ti gbóòórùn, màá ké sí wọn pé, “Akọ̀wé, ẹ kú iná,” wọ́n á sì fa búrẹ́dì jáde. Ọ̀gá ò lé wọn mọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, tó ń kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń tún àjọṣe àwọn òṣìṣẹ́ ṣe nílé iṣẹ́, ní bí ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nílùú òyìnbó nìyẹn: àwọn olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n ń wò, àwọn yẹn ní àwọn fẹ́ jókòó gbọ́, wọ́n sì dá sí i. Mo bi í bóyá ìyàwó ilé wà láàárín wọn. Ó ní ìwé ò sọ. Mo ṣì ń rò ó, torí ọ̀wọ̀ tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí mò ń bọ̀wọ̀ fún.