Ilé Yàrá Mẹ́jọ Tí A Fẹ́ Rà ní Ìbàfò

Òórùn ọ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé náà ní Ìbàfò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku pupa ti bo bàtà ọkọ mi, inú rẹ̀ sì ń dùn. Yàrá mẹ́jọ, ayálégbé kún un, ọ̀dà funfun láti òkè délẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ la fẹ́ kó lé e lórí, gbogbo ohun tí ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ olùkọ́ fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀rẹ́ mi, tí ìyẹn bá wọgbó, a ò ní òmíràn láyé yìí.

Ó ti ṣírò tiẹ̀ nílé: tí a bá ń gba owó ilé yàrá mẹ́jọ lọ́dọọdún, láàárín ọdún méje, owó wa á ti padà sápò. Èmi ni mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Yàrá tó bá ṣófo ńkọ́? Páànù tó bá ń jò ńkọ́? Ayálégbé tí kò sanwó, tó tún ń ṣépè fún onílé? Ó ní ẹ̀rù mi ti pọ̀ jù.

Ejẹ́ǹtì tó mú wa lọ kò jẹ́ ká mí. "Dádì, bàbá kan ń bọ̀ láago méjì, owó ti wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á mọ́ yín lọ́wọ́ o!" Mo rẹ́rìn-ín sínú. Èwo nínú wọn ni kì í ní bàbá kan tó ń bọ̀?

Ọkọ mi ti ń wá báírò tí yóò fi tọwọ́ bọ̀wé. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú yàrá kan. Aránṣọ tó ń gbé ibẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ọmọ Ìkirè ni. Mo wo yíká. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta-mẹ́ta, fìríìjì wà lórí tábìlì, àpótí aṣọ wà lórí fìríìjì. Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ wa, kò sí ohun kan tó kan ilẹ̀.

"Àbúrò, kí lò ń sá fún?" Mo bi í jẹ́jẹ́.

Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o, wọ́n á lé mi jáde. Tí òjò bá dé, ibí yìí ni omi máa ń dé." Ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. "Tó bá ti gbẹ, wọ́n á tún ilé kùn."

Mo jáde, mo di ọkọ mi lọ́wọ́ mú, mo ní inú ń run mí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi. Lẹ́nu géètì, bàbá kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbá báàgì dúdú mọ́ àyà. Áà! Òótọ́ ni ejẹ́ǹtì ń sọ. Bàbá náà ṣí fìlà kí wa. "Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ẹ ti gbà á ni?"

Ejẹ́ǹtì ń wò mí. Mo rántí aránṣọ. "Rárá o, bàbá. Agbára wa ò ká a." Ó ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fún àwa náà ní tiwa, ó sì wọlé.

Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ omi náà fún ọkọ mi. Nígbà tó yá, a ra ilé kékeré kan ní Ìfọ̀, yàrá mẹ́ta péré. Inú òjò la ti lọ wò ó, tàwa ti bàtà rọ́bà. Owó tó ń mú wá kò tó nǹkan, yàrá kan tiẹ̀ ṣófo fún oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n à ń sùn.

Ní oṣù keje ọdún tí a lọ wo ti Ìbàfò, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Mowe. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo yà sí Ìbàfò. Bàbá yẹn ká ṣòkòtò sókè, ó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi jáde nínú ilé yàrá mẹ́jọ. Ó gbójú sókè, ó dá mi mọ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀. Títí di òní, gbogbo ẹni tó bá bi mí nípa ilé rírà ni mò ń sọ ọ́ fún: ẹ lọ wò ó lójú òjò. Ǹ bá ti sọ ọ́ fún bàbá yẹn lẹ́nu géètì láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kì bá tí ná mi ní kọ́bọ̀, mo sì ṣahun rẹ̀.